Adesanya àti Pereira: ṣé oríire lásán ni ti Miami?

Ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Mushin tàbí Yaba, ẹ dárúkọ Israel Adesanya, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi kan Alex Pereira. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti jà, méjì nínú kickboxing, méjì nínú UFC. Ará Brazil yẹn na ọmọ tí wọ́n bí l'Ékòó yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń sọ pé oríire ló ràn án lọ́wọ́ ní Miami lọ́dún 2023. Èmi ò gbà.

Adesanya ga, ọwọ́ ẹ̀ gùn, ó máa ń fi ẹ̀yìn rìn. Á jẹ́ kó o ju ẹ̀ṣẹ́ kó bọ́ sófo, kó tó fi tiẹ̀ dá ẹ lóhùn. Pereira kì í kánjú. Á kọ́kọ́ máa fi ìpá lu ẹsẹ̀ ẹ títí o ò fi ní lè sá mọ́, ìgbà yẹn ni ẹ̀ṣẹ́ òsì yẹn máa dé. (Ẹ̀ṣẹ́ òsì yẹn burú!) Ní New York, oṣù kọkànlá 2022, Adesanya ló ń ṣíwájú títí wọ ráúndì karùn-ún, kí Pereira tó há a mọ́ wáyà, tí rẹfirí fi dá ìjà dúró.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ara wáyà náà ni Adesanya tún lọ fẹ̀yìn tì, ó bo orí bí ẹni tó ti rẹ̀. Pereira ya wọlé láti parí ẹ̀, àfi gbàmù! Ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún gbé e ṣánlẹ̀ ní ráúndì kejì. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní oríire, kó wo fídíò méjèèjì tẹ̀léra.

Ìkarùn-ún ńkọ́? Lẹ́yìn Miami, Pereira bọ́ sí ìwọ̀n pọ́n-ùn 205, ó sì gba ìgbànú níbẹ̀. Ìwọ̀n yẹn náà ni Jan Błachowicz ti gbé Adesanya lulẹ̀ lọ́dún 2021, tó jókòó lé e lórí. Tó bá jẹ́ níbẹ̀, mi ò ní ta kọ́bọ̀ lé ọmọ wa. Tó bá jẹ́ 185, ẹ pè mí.