Ẹ̀yà Linux Wo Ni Ó Ṣeé Gbẹ́kẹ̀ Lé?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ti owó oṣù, ṣùgbọ́n ó kan owó ẹgbẹ́. Windows 10 ni ó wà lórí àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ẹ̀ka wa ní Odògbólú, níbi tí àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ àti ti àjẹsẹ́kù wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró, àyàfi fún àwọn tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kò sì gba púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2018. Kọ̀ǹpútà tí kò rí àtúnṣe gbà mọ́ kò tíì kú o. Ó ń ṣiṣẹ́, bí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Àbá méjì ni a ti gbọ́. Àwọn kan ní kí a ra tuntun. Àwọn kan ní kí a gbé wọn lọ fún àwọn ọmọ tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí wọ́n fi tipátipá ki Windows ayédèrú sí i. Ti àkọ́kọ́, owó yín ni. Èkejì burú jù ú lọ. Ẹni tí ó já àgádágodo Windows kò ní sọ ohun mìíràn tí ó fi sínú rẹ̀ fún wa. Àwa tí a sì ń bá agbanisíṣẹ́ jà nítorí àdéhùn tí kò pa mọ́, kò yẹ wá kí a máa lo ohun tí a kò sanwó rẹ̀.

Àbá tiwa ni Linux, nítorí ọ̀fẹ́ ni lábẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti dárúkọ rẹ̀, ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e ni pé: èwo nínú wọn?

Àwọn àgbà awakọ̀ wa yóò rántí bọ̀lẹ̀kájà. Ìlú òyìnbó ni ẹ́ńjìnnì Bedford ti ń wá, ṣùgbọ́n àwọn káfíńtà wa níhìn-ín ni ó ń kan bọ́dì rẹ̀, tí wọ́n ń kùn ún ní ọ̀dà, tí wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ sí i níwájú. Ẹ́ńjìnnì kan náà, ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Linux. Linus Torvalds, ọmọ Finland, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Helsinki nígbà náà, ni ó gbé ẹ́ńjìnnì náà jáde ní ọdún 1991. Debian, Ubuntu, Mint, Fedora àti ọ̀pọ̀ mìíràn, bọ́dì ni wọ́n. Gbogbo wọn ni ó lè gbé èrò. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni ẹni tí ó kàn án, àti bóyá yóò ṣì wà níbẹ̀ ní ọdún márùn-ún sí i bí pákó kan bá yẹ̀.

Ìbéèrè yìí ti kan Nàìjíríà rí. Ní ọdún 2007, wọ́n fẹ́ kó kọ̀ǹpútà kékeré Classmate ti Intel 17,000 wá fún àwọn ilé ìwé wa, wọ́n sì bá ilé iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé ṣe àdéhùn pé Linux tirẹ̀ ni yóò wà lórí wọn. Nígbà tí ó yá, àwọn tí ń kó ọjà náà wá sọ pé àwọn yóò san owó Mandriva, ṣùgbọ́n Windows ni àwọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer tí ó jẹ́ ọ̀gá Microsoft nígbà náà, ó bi í léèrè ohun tí ó ṣe tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí fi yí ọkàn padà. Ariwo sọ.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń sọ ìtàn yìí máa ń dúró níbẹ̀ kí wọ́n lè bú Microsoft. Àwa kò ní dúró níbẹ̀. Gbèsè mu Mandriva fúnra rẹ̀, wọ́n sì ti ilé iṣẹ́ náà pa ní ọdún 2015. Ká ní ilé ìwé kan gbé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lé e lórí, ta ni ì bá máa bá a tún un ṣe? Àwọn kan nínú òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ ti dá Mageia sílẹ̀ láti ọdún 2010, kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn má baà ṣègbé. A kí wọn kú akitiyan. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ aláìní nìkan ni. Red Hat kì í ṣe tálákà. Wọ́n ti sọ pé CentOS 8 yóò máa rí àtúnṣe gbà títí di ọdún 2029, ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé ìparí ọdún 2021 ni òpin rẹ̀. Àwọn tí ó ti gbára lé e bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri.

Ìdí nìyí tí a fi gbé Debian síwájú yín fún ọ́fíìsì. Ian Murdock dá a sílẹ̀ ní ọdún 1993, ó fi ipò olórí sílẹ̀ ní ọdún 1996, ó sì kú ní ọdún 2015. Debian kò dúró. Kì í ṣe ti olówó kankan. Ó ní ìwé òfin. Ó ní ìwé àdéhùn tí ó bá àwọn tí ń lò ó ṣe láti ọdún 1997. Ọdọọdún ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dìbò yan olórí wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ tí ó di ti ẹnì kan ṣoṣo, a kò ní láti ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ fún yín. Debian 13 jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń tún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ṣe ní kíkún, àwọn mìíràn a sì máa bá a lọ títí yóò fi pé ọdún márùn-ún. Ìdúró jẹ́ẹ́ rẹ̀ ń bí àwọn ọ̀dọ́ wa nínú, nítorí pé àwọn ètò inú rẹ̀ kì í sábà jẹ́ èyí tí ó tuntun jù. Kò bí àwa nínú. Kò sí awakọ̀ tí yóò fi ọkọ̀ tí wọ́n ṣì ń dán wò kó èrò láti Odògbólú lọ sí Èkó.

Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa gbé kalẹ̀ ní ọdún 2004, láti ara Debian ni ó ti wá. Mint sì wá láti ara Ubuntu ní ọdún 2006. Ẹni tí Windows ti mọ́ lára, Mint ni kí ó lò nílé. Ojú rẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí i. Bí ó bá jẹ́ Ubuntu, èyí tí wọ́n kọ LTS sí lára ni kí ẹ mú, nítorí ọdún márùn-ún ni àtúnṣe rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án péré ni ti àwọn yòókù. Àwọn onímint pàápàá ti kan òmíràn tààrà lórí Debian, wọ́n fi pamọ́ bí ọjọ́ kan bá lọ tí Ubuntu já wọn kulẹ̀. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà, a máa gbé táyà kejì.

Kì í ṣe pé kò ní wàhálà. Microsoft Office kò sí lórí rẹ̀. LibreOffice ni yóò ṣí àwọn ìwé wa, ìlà àwọn kan yóò sì wọ́. Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan kì í gbà. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ oní 32-bit kò lè gba Debian 13. Ó sì tó gígábáìtì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fà á wálẹ̀, a sì mọ iye tí dátà jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà ni a ó fà á. Lẹ́yìn náà a lè dà á sí fláàṣì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kò sí ọlọ́pàá tí yóò bi wá. A sì lè dán an wò láti orí fláàṣì náà láìfọwọ́ kan ohunkóhun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ohun kan tún wà tí ó dùn mọ́ wa: àtẹ ìtẹ̀wé Yorùbá wà nínú rẹ̀ lábẹ́ orúkọ Nàìjíríà. Akọ̀wé wa yóò lè tẹ ẹ àti ọ àti ṣ bí ó ti yẹ, dípò kí ó máa fi bírò sàmì sí ìsàlẹ̀ wọn.

Àbá tí a ó gbé wá sí ìpàdé ẹ̀ka nìyí. Kí a kọ́kọ́ da gbogbo àkọsílẹ̀ kọ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí a fi Debian sí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, èyí tí ó wà lórí tábìlì akápò, kí ó lò ó fún oṣù mẹ́ta, kí ó sì jábọ̀ fún wa. Bí iṣẹ́ bá dúró sójú rẹ̀, kí a ṣe ti àwọn yòókù. Owó kọ̀ǹpútà tuntun tí a kò ná, ẹ jẹ́ kí ó wà nínú àpò ìrànlọ́wọ́ aláìsàn títí ẹ ó fi dìbò lé e lórí.