Ọ̀fẹ́ ni ètò kọ̀ǹpútà náà, ṣùgbọ́n ta ló ń tún ìwé ìlò rẹ̀ kọ?

Kò sí télọ̀ tó mọṣẹ́ tí kò ní ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà tó wọn ara ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn bá gbé aṣọ tuntun wá lónìí, tí télọ̀ ṣí ìwé àtijọ́, tó gé aṣọ náà láìtún ẹni náà wọ̀n, ó lè kan àbùkù. Bí oníbàárà bá ti sanra, aṣọ bàjẹ́ nìyẹn, télọ̀ ni yóò sì san án. Ìwé tí a kò tún ṣe burú ju kí á má ní ìwé rárá lọ. Ẹni tí kò ní ìwé yóò wá téèpù, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìwé yóò gbọ́kàn lé e.

Ọ̀rọ̀ yìí ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan tó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mẹ́rin ló ní. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan tó gbọ́n dáadáa fi Linux sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fi window manager tí wọ́n ń pè ní i3 lé e lórí. Kò sí owó láísẹ́ńsì, ẹ̀rọ sì ń yá. Ọmọ náà lẹ bébà mọ́ ògiri: kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tẹ bọ́tìnì Alt pọ̀ mọ́ Enter. Nígbà tó yá, ó rí i pé Alt ń dí ètò tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà lọ́wọ́, ló bá pa á dà sí bọ́tìnì tó ní àmì Windows. Kò tún bébà ara ògiri kọ, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣí àwọn ẹ̀rọ náà láràárọ̀. Ó ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ó bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ tuntun tẹ Alt àti Enter títí, kò rí nǹkan kan. Àwọn tó wá tẹ fọ́ọ̀mù ìdánwò dúró, dúró, wọ́n kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ọjà ọjọ́ kan gbáko lọ bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, bí ẹ bá ṣí lẹ́tà, tí ẹ ṣí ìwé ìṣirò, tí ẹ tún ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní fèrèsé tirẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Window manager ni ètò tó ń pinnu ibi tí fèrèsé kọ̀ọ̀kan yóò wà, bí yóò ṣe tóbi tó, àti èyí tí yóò wà níwájú. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà fún Linux, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ open source: wọ́n ṣí ìdí iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè wò ó, kó lò ó, kó sì tún un ṣe, láìsan kọ́bọ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Michael Stapelberg, ló bẹ̀rẹ̀ i3 ní 2009. Ohun tó fà á kan ọ̀rọ̀ wa gan-an. Ètò kan tó ń jẹ́ wmii ni òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ó ní àbùkù, ìtẹ̀síwájú rẹ̀ ti dúró, kò sì sí àlàyé kankan nínú iṣẹ́ náà tí ẹlòmíràn fi lè tún un ṣe. Wọ́n bá dá tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì fi í sínú àfojúsùn wọn pé àwọn yóò kọ iṣẹ́ tó ṣeé kà, àwọn yóò sì kọ ìwé àlàyé tì í. Ẹ ò rí i pé àìsí àlàyé wà lára ohun tó lé àwọn oníbàárà wmii lọ.

Ìwé ìlò i3 kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ẹ bá ti dá bọ́tìnì tí ẹ fẹ́ máa fi pàṣẹ mọ̀, ojú kọ̀ǹpútà yóò ṣófo, àfi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan nísàlẹ̀. Ẹni tí kò kàwé kò ní mọ bí yóò ṣe ṣí nǹkan, kò sì ní mọ bí yóò ṣe jáde. Nígbà tí ẹ̀yà 4.0 sì jáde ní 2011, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ àṣẹ sínú fáìlì rẹ̀ yí padà, ìwé náà ní láti yí tẹ̀lé e. Wọ́n tún ṣe ètò kékeré kan tó ń yí fáìlì àtijọ́ sí tuntun.

Àwọn Xfce, tí Olivier Fourdan bẹ̀rẹ̀ ní 1996, tí àwọn náà ní window manager tiwọn, gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí ẹ̀yà 4.10 jáde ní 2012, wọ́n yọ ìwé ìlò kúrò nínú ètò náà, wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó lè rọrùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti dá sí i. Ó bọ́gbọ́n mu, nítorí pé ẹni tó ń lo nǹkan lójoojúmọ́ máa ń rí àṣìṣe inú ìwé ju ẹni tó ṣe é lọ.

Àwọn kan á ní, ohun ọ̀fẹ́ mà ni, kí la tún ń da ara wa láàmú sí? Ọ̀fẹ́ ni láísẹ́ńsì, àkókò yín kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àwọn mìíràn á ní àwọn yóò bi íntánẹ́ẹ̀tì léèrè. Íntánẹ́ẹ̀tì lè sọ bí i3 ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè mọ ohun tí ọmọ iṣẹ́ yín pa dà nínú ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹni tó ń tún ìwé ìlò ṣe dà bí ẹni tó ń gbálẹ̀ ọjà: kò sẹ́ni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àfi ọjọ́ tí kò bá wá.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Kí ẹ tó mú ètò ọ̀fẹ́ kankan, ẹ wo ìwé ìlò rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹ̀yà tí ẹ fẹ́ lò ni ìwé náà ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ ní ìwé kan ní ṣọ́ọ̀bù, ní èdè tí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín gbọ́. Ohunkóhun tí a bá pa dà lórí ẹ̀rọ, ọjọ́ náà ni kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ fi déètì sí i. Kí ọmọ iṣẹ́ tó dé kẹ́yìn fi ìwé náà nìkan ṣí ẹ̀rọ, kí ọ̀gá má sọ̀rọ̀. Ibi tó bá há sí ni kí ẹ tún kọ. Bí ẹ bá sì rí àṣìṣe nínú ìwé àwọn tó ṣe ètò náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ìyẹn ni owó tí ẹ lè san fún ohun ọ̀fẹ́.

Kí ọmọ iṣẹ́ kankan tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ dán an wò lójú rẹ̀. Ẹ má fi ìwọ̀n ọdún mẹ́ta sẹ́yìn gé aṣọ òní.