Orúkọ Ọmọ Yín Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ wa lónìí kan àwọn ọmọ kékeré Sanson tí wọ́n ti pé ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ilé-ìwé kò tíì mọ orúkọ wọn.

Ọdún méjì ni ọmọ ń lò ní jẹ́lé-ó-sinmi ìjọba, èyí tí àwa ń pè ní matanẹ́ẹ̀lì, kí ó tó wọ CI. Láti ọdún 2006, nígbà tí Boni Yayi, ọmọ Tchaourou níhìn-ín, jẹ́ ààrẹ, ni ìjọba ti mú owó ilé-ìwé kúrò níbẹ̀. Lóòótọ́, wọn kò mú owó aṣọ àti oúnjẹ kúrò. Síbẹ̀, ní gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwọn ọmọ tí kò gba ibẹ̀ kọjá pọ̀ ju àwọn tí ó gba ibẹ̀ lọ.

Ta ni kì í lọ? Ọmọ tí a gbé lọ sí aba nígbà kajú. Ọmọ Fúlàní tí gáà bàbá rẹ̀ jìnnà. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń tọ́jú nílé. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú kò lọ. Bí a bá mú àbúrò lọ sí matanẹ́ẹ̀lì, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yóò dilẹ̀ láti lọ sí ilé-ìwé tirẹ̀. A kò fi èyí bá ìyá kankan wí o. Ẹni tí ó ń dá roko ni ó mọ bí ìrànlọ́wọ́ ọmọ ti tó.

Nàgó, Bàrìbá, Fúlàní, kò sí èyí tí ń sọ Faransé nílé nínú wọn. Ọmọ tí ó ti fi orin àti eré gbọ́ ọ ní matanẹ́ẹ̀lì kì í ya odi ní CI.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ń dùn wá jù. Àwọn òbí mìíràn a mú ìwé ìrìbọmi wá, wọ́n a ní ó ti tó. Kò tó. Ìwé ìrìbọmi ń jẹ́rìí pé ọmọ ti di ti Ìjọ; ìwé ìbí ni ìjọba fi ń mọ̀ ọ́n. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára náà kò lè rọ́pò rẹ̀. Nígbà mìíràn a gba ọmọ láìsí i, bàbá a ní òun yóò mú un wá lọ́la. Ọdún a gorí ọdún. Ní ọdún kẹjọ, ọmọ dé CM2, wọ́n béèrè ìwé ìbí kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ fún ìdánwò CEP, kò sí! Ọmọ tí ó mọ ìwé ń sunkún, bàbá ń sáré kiri. Bí àkókò ìforúkọsílẹ̀ bá sì ti kọjá, ilé-ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ ń dé, owó àti ọjọ́ iṣẹ́ a sì bá a lọ.

Ẹ ṣí àpótí wò lálẹ́ òní. Bí ìwé ìbí bá wà, ẹ mú un tọ ọ̀gá matanẹ́ẹ̀lì lọ kí ilé-ìwé tó wọlé, fún ọkùnrin àti obìnrin bákan náà. Bí kò bá sí, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Sanson. Ẹni tí kò bá mọ bí yóò ti ṣe é, kí ó bá katikísítì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Mísà.