Kírẹ́díìtì Kan, Ìtumọ̀ Méjì: Ṣé Kí Ọmọ Fi A-Level Kún WASSCE?

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Kejetia níbí ní Kumasi ló gbé ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní SHS 2, sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́. Àbúrò ìyá náà pè láti Houston, ó ní ọmọ òun ti ní kírẹ́díìtì 12 ní yunifásítì kó tó jáde girama rárá. Bàbá ọmọ gbọ́, ó ní kí tiwọn náà bẹ̀rẹ̀ A-Level kíákíá, kó lè fo ọdún kan. Ìyá wá ń bi mí bóyá kí òun fi kún ẹrù ọmọ, àbí kí òun fi í sílẹ̀ fún WASSCE tó wà níwájú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí orúkọ kan ni, àmọ́ nǹkan méjì ló ń jẹ́ ẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, láti Kumasi dé Ìlọrin, kírẹ́díìtì ni èsì WASSCE láti A1 dé C6. Bí a bá ní ọmọ ní kírẹ́díìtì márùn-ún, ohun tí à ń sọ ni pé ó yege nínú iṣẹ́ márùn-ún. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, kírẹ́díìtì ni òṣùwọ̀n iṣẹ́ yunifásítì fúnra rẹ̀. Ọmọ nílò bí 120 kó tó gba dìgírì, kọ́ọ̀sì kan sì sábà máa ń jẹ́ 3. Tiwa ń ṣí ilẹ̀kùn. Tiwọn ń dín ìrìn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kù. Kírẹ́díìtì 12 tí wọ́n ń sọ yẹn, kọ́ọ̀sì mẹ́rin péré ni. Kò tó sáà kan, nítorí ọmọ tó ń kàwé déédéé níbẹ̀ máa ń ṣe bí 15 ní sáà kan. Ohun rere ni, kí Ọlọ́run fi kún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe odidi ọdún.

AP ni wọ́n ń pe ìdánwò tí ọmọ náà ṣe. Inú girama ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, oṣù karùn-ún ni wọ́n ń ṣe é, èsì rẹ̀ sì máa ń wà láàárín 1 sí 5. Yunifásítì kan lè gba 3. Òmíràn á ní 4 tàbí 5 lòun ń wò. Dartmouth tilẹ̀ kéde ní 2013 pé òun ò ní fún ọmọ ní kírẹ́díìtì nítorí AP mọ́. Ẹ rí i pé ilé-ìwé tó ń gba ọmọ ló ń sọ iye tí èsì náà jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí èyí: inú ọdún girama tí ọmọ náà yóò lò tẹ́lẹ̀ ló ti ṣe é. Kò fi ọdún kankan kún un.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé ọmọ parí SHS ní ẹni ọdún 18, ó sì fẹ́ ka kọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́rin. Bó bá wọ KNUST pẹ̀lú WASSCE, yóò jáde ní 22. Bó bá gba Nàìjíríà lọ ṣe JUPEB tàbí IJMB fún ọdún kan, tó sì fi Direct Entry wọ ipele 200, ọdún mẹ́ta ló kù: 22 náà ni yóò jáde. Bó bá ṣe A-Level ti Cambridge fún ọdún méjì kó tó wọ ipele 200, yóò jáde ní 23. Ọdún tí a ní ọmọ fò, ó ti lò ó síbòmíràn, a sì ti sanwó rẹ̀. Láti 2017 ni SHS ìjọba ti di ọ̀fẹ́ ní Ghana. A-Level kò sí nínú ọ̀fẹ́ yẹn.

Èyí kò túmọ̀ sí pé bàbá ọmọ ń sọ ìsọkúsọ. Ìmọ̀ràn àwọn àgbà ní ìdí. Láyé O-Level àti A-Level, sixth form ọlọ́dún méjì ni ọ̀nà gbòógì sí yunifásítì ní Ghana, ọdún mẹ́ta sì ni ọ̀pọ̀ dìgírì. Lẹ́yìn àtúntò ètò ẹ̀kọ́ ti 1987, ilẹ̀kùn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í padé. 1996 ni wọ́n ṣe A-Level kẹ́yìn lábẹ́ ètò àtijọ́. Yunifásítì wá di ọdún mẹ́rin, ọdún kan nínú sixth form sì kó wọnú rẹ̀. Ọ̀nà tí bàbá mọ̀ dájú, ọ̀nà gidi ni nígbà náà. Wọ́n ti la òmíràn.

Ohun tó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni WASSCE ọmọ náà. Kò sí A-Level tó lè rọ́pò rẹ̀. Direct Entry ní Nàìjíríà ṣì ń béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún, ọmọ sì tún gbọ́dọ̀ gba fọ́ọ̀mù JAMB. Ní KNUST, iṣẹ́ mẹ́fà ni wọ́n ń kó pọ̀: mẹ́ta nínú èyí tó kan gbogbo ọmọ, mẹ́ta nínú èyí tí ọmọ yàn. A1 jẹ́ 1, C6 jẹ́ 6. Àpapọ̀ tó bá ju 36 lọ kò wọlé fún dìgírì. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó, kọ́ọ̀sì bí ìmọ̀ ìṣègùn sì ń fẹ́ èyí tó kéré gan-an. Ọmọ SHS 2 tó ń fi òru ka ìwé A-Level lè pàdánù A1 tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀ nínú Kẹ́mísírì.

Ìgbà wo wá ni ìdánwò àfikún yìí wúlò? Ó wúlò fún ọmọ tí WASSCE rẹ̀ pé ṣùgbọ́n tí kò rí kọ́ọ̀sì tó fẹ́ gbà ní ipele 100. Ó wúlò fún ọmọ tó ń lọ sí England, níbi tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ti fi A-Level ṣe òṣùwọ̀n ìgbaniwọlé, tí ọ̀pọ̀ dìgírì sì jẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta. Ó sì wúlò fún ọmọ tó ń ka girama ní Amẹ́ríkà, bí ẹrù rẹ̀ kò bá ti wúwo jù.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ̀wé sí yunifásítì tí ọmọ ń fẹ́ gan-an, kí ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta. Ṣé wọ́n ń gba ìdánwò yìí fún kọ́ọ̀sì tí ọmọ yàn? Èsì wo ni wọ́n ń fẹ́, ipele wo ni yóò sì bẹ̀rẹ̀? Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà, ṣé kírẹ́díìtì náà yóò rọ́pò kọ́ọ̀sì tó jẹ́ dandan, àbí yóò kàn wà nínú ìwé lásán? Ẹ gba ìdáhùn náà ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ má gbára lé ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù.

Ohun tí mo sọ fún ìyá ọmọ ni pé kí wọ́n jẹ́ kó gbájú mọ́ WASSCE. Bí èsì bá jáde, kí òun, bàbá àti ọmọ fúnra rẹ̀ jókòó, kí wọ́n ṣírò láti ọjọ́ tó parí SHS títí dé ọjọ́ tí yóò gba dìgírì, pẹ̀lú owó ọdún kọ̀ọ̀kan. Ká má ṣe tìtorí kírẹ́díìtì ará Houston ba kírẹ́díìtì tiwa jẹ́.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọlọ́run yóò ṣọ́ àwọn ọmọ wa.