Oṣù Mẹ́ta Ò Dọ́gba: Ẹ Jẹ́ Kí Fóònù Bá Yín Ka Ọjọ́

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kíkà la gbé wá lónìí. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí yín, àmọ́ owó wà nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sin ẹlẹ́dẹ̀, ẹ mọ ìṣirò yẹn dáadáa: oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ 114 ló dúró fún. Tí akọ bá gun abo ní ọjọ́ 10, oṣù Kìíní, 2025, ìṣirò yẹn á gbé yín dé ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ 114 gééré nìyẹn. Tó bá wá jẹ́ ọjọ́ 10, oṣù Keje ńkọ́? Ẹ kà á bákan náà, ẹ ó dé ọjọ́ 3, oṣù Kọkànlá. Ọjọ́ 116 nìyẹn! Láti ọjọ́ 1 ni 114 ti pé. Abo ẹlẹ́dẹ̀ fúnra ẹ̀ lè yá tàbí kó pẹ́ díẹ̀. Tí àwa náà bá tún fi ọjọ́ méjì kún un, ó lè bímọ lóru tí kò sẹ́ni níbẹ̀, kó sì tẹ ọmọ pa.

Èrò tiwa ni pé ká yé fi oṣù ka ohun tó jẹ́ ọjọ́. Excel tàbí Google Sheets wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ kọ ọjọ́ àkọ́kọ́ sí A1, ẹ kọ ìkejì sí B1, kẹ́ ẹ wá kọ =B1-A1 sí C1. Tó bá jẹ́ ọjọ́ ìbímọ lẹ̀ ń wá, ẹ kọ =A1+114. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà gbọọrọ ló jáde, ẹ yí àpótí náà sí Date.

Kì í ṣe idán. Nọ́ńbà ni ẹ̀rọ náà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú Excel, ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, 1900 ni 1. Ọjọ́ 10, oṣù Keje, 2025 jẹ́ 45848. Ọjọ́ 1, oṣù Kọkànlá jẹ́ 45962. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ara wọn, 114 ló kù.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ nǹkan méjì o. Àkọ́kọ́, tẹ́ ẹ bá kọ 03/07/2025, fóònù kan á kà á sí ọjọ́ 3, oṣù Keje; òmíràn á ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹta ni. Ọjọ́ 118 ló wà láàárín méjèèjì! Ẹ kọ ọdún ṣáájú: 2025-07-03.

Ìkejì, ẹ̀rọ kì í ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀. Àwa Yorùbá máa ń kà á. Ṣebí ìjẹta là ń pe ọjọ́ tó ṣáájú àná: òní kan, àná méjì, ó di mẹ́ta. Ẹ̀rọ á ní méjì ni. Kò sẹ́ni tó ṣì í kà níbẹ̀, pípa méjèèjì pọ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ ń lò kó tó pa. Ẹyin tẹ́ ẹ kó sínú ẹ̀rọ ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹjọ, ọjọ́ 22 ni kẹ́ ẹ máa retí ẹ̀. Ẹni tó bá ka ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́ ọn á ti máa pariwo ní ọjọ́ 21 pé ẹyin òun ti bàjẹ́.

Èyí tó ká wa lára jù ni oògùn adìẹ. Iye ọjọ́ tí ẹ ò gbọdọ̀ ta ẹyin tàbí ẹran wà lára páálí ẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ lo oògùn kẹ́yìn lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò ó. Ọmọ ọlọ́mọ ló máa jẹ ẹyin yẹn, ẹ má fojú díwọ̀n ẹ̀.

Lónìí yìí, ẹ kọ ọjọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀: ọjọ́ gígùn, ọjọ́ oògùn, tàbí ọjọ́ tẹ́ ẹ gbin àgbàdo. Ẹ̀rọ ò lè ka ọjọ́ tẹ́ ẹ ò kọ. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ ẹgbẹ́ yín o. Oko á dára.