Ìtọ́jú Ilé: Omi Tí Ẹ̀rọ Amúlétutù Ń Sun

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni omi ń ba ilé jẹ́. Nínú ìyàrá bàbá wa ní Àjàṣẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù tí a gbé kọ́ ara ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í kán omi sílẹ̀. Oníṣẹ́ tí a pè wò ó fìrí, ó ní gáàsì ti tán. A san owó gáàsì lẹ́ẹ̀mejì, omi kò dáwọ́ dúró. Ní òru ọjọ́ kan, ó dà sórí pẹpẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí ìwé tí bàbá fi ọwọ́ ara wọn kọ oríkì ìdílé sí wà. Yíǹkì ojú ewé 14 ṣàn lọ. Bàbá kò sì sí mọ́ láti tún un kọ.

Níbo ni omi náà ti ń wá? Inú afẹ́fẹ́ ni. Ẹ gbé ìgò omi tútù sórí tábìlì, kò ní pẹ́ tí ara rẹ̀ yóò fi làágùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rinrin inú ìyàrá ń di omi lára àwọn irin tútù inú ẹ̀rọ. Ó ń kán sínú àwo tóóró tí ó wà lábẹ́ wọn, ó sì ń gba inú ọ̀pá tínrín kan jáde síta. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wa, kò sí ohun tí ń ti omi yìí. Dídagẹ̀rẹ́ ọ̀pá náà nìkan ni ó gbẹ́kẹ̀ lé.

Nítorí náà, bí òjò bá ń rọ̀, tí ìyàrá ń tutù, ṣùgbọ́n tí ẹnu ọ̀pá gbẹ ní ìta, ẹ fura: ọ̀nà ti dí. Ẹ má sì jẹ́ kí ọyẹ́ tàn yín jẹ. Afẹ́fẹ́ a máa gbẹ nígbà náà, omi a dín kù, àìsàn ẹ̀rọ a fara pamọ́ títí òjò yóò fi padà dé.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ pa iná rẹ̀ láti inú àpótí iná ilé. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ohun mẹ́rin wò.

Èkíní ni asẹ́. Bí eruku bá dí i, afẹ́fẹ́ kò ní kọjá, irin tútù yóò di yìnyín. Nígbà tí yìnyín bá yọ́, àwo yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ẹ fọ asẹ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ.

Èkejì ni ẹnu ọ̀pá ní ìta. Kòkòrò a máa kọ́lé síbẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ẹnu rẹ̀ bọ inú omi garawa, omi kò ní ráyè jáde dáadáa.

Ẹ̀kẹta ni ìrìn ọ̀pá. Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n omi inú ọ̀pá tí a tẹ̀ sókè a máa padà sínú ilé. Kí ó máa lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1 ní mítà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹrin ni ìdánwò. Ẹ rọra da ife omi kan sínú àwo náà. Bí kò bá jáde síta, ẹ fi ẹ̀rọ tí ń fa eruku àti omi fà á láti ẹnu ọ̀pá ní ìta. Ẹ má fi agbára fẹ́ ategùn sí i, kí oríkèé ọ̀pá má baà yọ nínú ògiri.

Ní ti gáàsì, kì í jó tán bí epo àtùpà. Inú ọ̀nà tí a dí pa ni ó ń yípo. Bí ó bá dín kù, ó ń jò ni. Kí oníṣẹ́ fi ibi tí ó ti ń jò hàn yín kí ẹ tó sanwó.

Ẹrẹ̀ dúdú ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan ni a fà jáde nínú tiwa. Ní báyìí, àbúrò bàbá wa obìnrin, tí ó wà ní Kétu, ń ki oríkì náà fún wa lẹ́ẹ̀kan sí i, a sì ń kọ ọ́ sínú ìwé tuntun. Ẹ yẹ ọ̀pá yín wò lónìí.