Òǹtẹ̀ Ta Ni Ìka Rẹ Ń Lù?

Ìbéèrè kan kò yé dé ọ̀dọ̀ wa láti ẹnu àwọn ọ̀dọ́, pàápàá àwọn ọmọ wa tó wà ní ìlú òyìnbó àti àwọn tí ń wo eré ìdárayá lórí fóònù nínú yàrá wọn: ǹjẹ́ ó tọ́ kí Mùsùlùmí máa ṣe yóògà? Ẹnìkan á ti pariwo pé, "Haráámù ni, ó parí!" Ẹlòmíràn á rẹ́rìn-ín, á ní, "Eré ìdárayá lásán ni, ẹ̀yin àlùfáà ti le jù." A kò bá èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì lọ. Ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn tí wọ́n ń nà ni wọ́n jọ ń wò, wọn kò wo ọwọ́. Ọwọ́ sì ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ á ní kí gbogbo wọn jókòó, kí wọ́n ká ẹsẹ̀, kí wọ́n dijú. Á ní kí wọ́n pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, tàbí kí wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún, kí orí àtàǹpàkò kan orí ìka tí a fi ń tọ́ka. Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ tán, á ní kí oníkálùkù gbé àníyàn kan sọ́kàn: "Mo fẹ́ ní sùúrù," tàbí "Mo fẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀." Àmì ọwọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní mudra, àníyàn náà ni sankalpa. Èdè Sanskrit ni méjèèjì, èdè tí àwọn Híńdù fi ń jọ́sìn láti ìgbà láéláé.

Ohun tí mudra túmọ̀ sí ni òǹtẹ̀, irú èyí tí ọba ń lù sí ìwé. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó ni òǹtẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ inú ìwé?

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìtumọ̀ náà lẹ́nu àwọn tó ni ín. Ní ìlú Munger, ní ìpínlẹ̀ Bihar ní Íńdíà, Swami Satyananda dá ilé-ẹ̀kọ́ yóògà kan sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí ìjókòó, èémí àti mudra kọ́kọ́ jáde ní 1969, títí di òní ni àwọn olùkọ́ sì ń lò ó káàkiri ayé. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ ni pé ìka tí a fi ń tọ́ka dúró fún ẹ̀mí ẹ̀dá, àtàǹpàkò dúró fún Ẹ̀mí tó ga jù lọ. Nígbà tí ìka méjèèjì bá fara kanra, ẹ̀dá àti Ẹni Gíga ti di ọ̀kan nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú, ẹ tún un kà. Àwa tí a ń sọ pé Ọlọ́hun kò bímọ, a kò sì bí I, tí a ń sọ pé kò sí ohun tó jọ Ọ́, ṣé àwa ni a óò fi ìka méjì sọ pé ẹrú àti Olúwa rẹ̀ para pọ̀ di ẹyọ kan?

Ti sankalpa náà kò yàtọ̀. Kí ó tó di ohun tí wọ́n ń sọ ní ìlú òyìnbó, òun ni Híńdù fi ń ṣíde ìsìn níwájú ère. Olùjọ́sìn á bu omi sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, á dárúkọ ara rẹ̀, á sọ ọjọ́ òní àti ibi tí ó wà, á sì sọ ohun tí ó torí rẹ̀ fẹ́ bọ. Àníyàn ìjọsìn tiwọn gan-an ni. A kò fi èyí bú Híńdù o; ẹ̀sìn rẹ̀ ni, ó sì mọ ohun tí ó ń ṣe. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí ni ọmọ Mùsùlùmí tí kò mọ ohun tí òun ń ṣe.

Àwọn kan á sọ pé, "Èmi kò ní ìyẹn lọ́kàn. Ṣebí àníyàn ni iṣẹ́ dúró lé?" Òótọ́ ni pé hádíìsì tí Imáàmù Bukhari fi ṣíde ìwé rẹ̀, èyí tí a gbọ́ láti ẹnu Umar bin Khattab (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), ọ̀rọ̀ àníyàn ni. Ṣùgbọ́n àníyàn kì í sọ ohun tí kò tọ́ di ohun tó tọ́. Ẹni tó forí kanlẹ̀ níwájú ère, tó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun, ṣé a óò ní kò burú? A tún ní ìbéèrè mìíràn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ìka náà kò bá ṣe nǹkan kan, kí ló dé tí o fi ń kàn án pọ̀? Bí ó bá sì ń ṣe nǹkan, ta ló ń ṣe é?

Àwọn mìíràn gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà ń na ìka nínú àtàyá. Ẹ ń tẹ́ ọwọ́ ṣe àdúà." Bẹ́ẹ̀ ni, a ń ṣe é. Kò sì sí Mùsùlùmí kan tí yóò sọ pé ìka òun ló ń mú ìbàlẹ̀ ọkàn wá, tàbí pé iná wà nínú àtàǹpàkò, afẹ́fẹ́ nínú ìka kejì, omi nínú ọmọńdinrín, bí àwọn olùkọ́ mudra ti ń wí. Ọlọ́hun kan ṣoṣo ni ìka wa ń jẹ́rìí sí, Òun náà ni ọwọ́ wa ń tọrọ lọ́dọ̀ Rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi mú wa ló mú wọn. Nínú ìsìn, ọwọ́ kì í sọ̀rọ̀ sí òfìfo. Ọmọ Yorùbá kò sì nílò ará Íńdíà kí ó tó mọ èyí. Bí ẹnìkan bá na ọwọ́ òsì sí ọ, tí ó ní kí o bọ òun lọ́wọ́ bí Ògbóni ti ń ṣe, pé eré ìdárayá ni, ṣé wàá bọ̀ ọ́?

Ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, wọ́n fòfin de yóògà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní 1993. Nígbà tí wọ́n tú òfin náà ní 2021, wọ́n gba ìjókòó àti nínà ara láàyè, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ ọ́ sínú òfin pé kò gbọdọ̀ sí orin ìsìn, kò gbọdọ̀ sí mudra, kò gbọdọ̀ sí ìkíni namaste. Kì í ṣe Mùsùlùmí ló ṣòfin yẹn o! Ní 2009 ẹ̀wẹ̀, ìgbìmọ̀ àwọn àlùfáà Indonéṣíà ní kí Mùsùlùmí yàgò fún yóògà tí orin ìsìn Híńdù wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fòfin de nínà ara lásán. Irú ìdájọ́ tí a ń fẹ́ nìyẹn, èyí tó ya àgbàdo sọ́tọ̀ kúrò lára háhá rẹ̀. Nínà iṣan, mímí èémí dáadáa, ìlera ni. Ẹ̀yìn tó ń dun ìyá arúgbó kò mọ Híńdù.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù fún ẹ̀yin òbí, bí ó tilẹ̀ korò. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń lọgun lórí yóògà ló ní òrùka tí a fi oògùn sè lọ́wọ́, tí ońdè sì wà nídìí ọmọ wa. Báwo ni ọmọ yẹn ṣe fẹ́ gbà pé ìka kò ní agbára, nígbà tí bàbá rẹ̀ gbà pé òrùka ní in? Ẹ kọ́kọ́ bọ́ tiyín ná.

Ẹ sì kọ́ wọn ní àníyàn. A máa ń kọ́ ọmọ bí a ti ń ṣe àlùwàlá, a kì í sọ fún un pé kí omi tó kan ọwọ́, ọkàn ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ní ojú ọ̀nà Imáàmù Mọ́líkì tí àwọn bàbá wa ń tọ̀, ọkàn ni ibùgbé àníyàn. Kò ní òǹtẹ̀, kò gba ìka. Ọmọbìnrin tó jí láàárọ̀, tó gbèrò láti ṣe sùúrù fún àbúrò rẹ̀ nítorí Ọlọ́hun, ti wà nínú láádá kó tó kúrò lórí ẹní. Ohun tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ láti kọ́ ọ ní kíláàsì, ọ̀fẹ́ ló wà nínú ẹ̀sìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kàn sọ fún un ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú kíláàsì, bí wọ́n bá ní kí ẹ pa ọwọ́ pọ̀, ẹ tẹ́ ọwọ́ lé itan. Bí wọ́n bá ń kọ orin tí ẹ kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ dákẹ́. Bí ó bá kan èyí tí wọ́n ń pè ní kíkí oòrùn, ẹ jókòó, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ sọ fún olùkọ́ pé Mùsùlùmí ni yín. Kò lè ní kò ṣeé ṣe. Nígbà Àyájọ́ Yóògà àkọ́kọ́, ní 21 oṣù June 2015, ìjọba Íńdíà fúnra rẹ̀ yọ kíkí oòrùn kúrò nínú ètò nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ fárígá. Olùkọ́ tí ó bá ní tòun kò ṣeé yọ, ẹ ká ẹní yín, kí ẹ wá ẹlòmíràn.